Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Owó Kí Díúkù Tó Gbéyàwó

Aṣọ ni mò ń rán ní Kubwa, l'Abuja níbí, ìwé ìfẹ́ Regency sì ni mò ń kà nígbà tí iná bá lọ tí máṣíìnì dákẹ́. Orí fóònù ni mo ti ń ka èyí tó pọ̀ jù. Ìyókù, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ni mo ti ń rà wọ́n. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tí wọ́n bá ń fọwọ́ ká etí aṣọ, nítorí náà kò sí ìwé tó ń parí lọ́wọ́ mi tí wọn kì í bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá ka irú rẹ̀ rí: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti ń wáyé, láàárín ọdún 1811 sí 1820, nígbà tí orí Ọba George Kẹta dàrú tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣe adelé. Sáà adelé yẹn ni wọ́n ń pè ní Regency. Jane Austen gbé ayé nígbà náà gan-an, àwọn tó ń fojú rí ló kọ̀wé nípa wọn. Georgette Heyer padà lọ síbẹ̀ láti 1935, ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé òde òní ṣì ń tọ̀. Ọmọbìnrin á wá sí London lásìkò tí àwọn ọlọ́lá ń kóra jọ, ìyá rẹ̀ á máa wá ọkọ fún un, ọkùnrin kan tó lówó tó lóyè, díúkù lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn olóyè tó ga jù lẹ́yìn ìdílé ọba, á máa ṣe bí ẹni pé kò rí i, wọ́n á jó, wọ́n á jà, wọ́n á fẹ́ra. Láti ojú ìwé kìíní lẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn kan ní ohun tó ń sú àwọn nìyẹn. Kò sú mi o. Ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó mọ̀ pé wọ́n máa so yìgì, síbẹ̀ ó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi.

Òfin tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń dùn mọ́ mi. Ọmọge kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọkùnrin nínú yàrá. Bí ó bá bá ẹnì kan náà jó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lálẹ́ kan, àwọn ìyá tó jókòó létí ògiri á ti máa bára wọn sọ ọ̀rọ̀ ìdána. Gbọ̀ngàn ijó kan wà ní London nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Almack's. Àwọn obìnrin ọlọ́lá díẹ̀ ló ń darí rẹ̀, bí wọn kò bá sì fọwọ́ sí i pé kó o wọlé, owó rẹ kò já mọ́ nǹkan kan, ilé lo máa wà lálẹ́ Ọjọ́rú. Mo mọ àwọn obìnrin yẹn dáadáa. Kò sí ẹgbẹ́ tí mo ran aṣọ ẹbí fún tí wọn kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan máa ń jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, òun ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa ta léèsì fún àti ẹni tí wọ́n máa sọ fún pé ó ti tán.

Nítorí òfin yìí ni ohun kékeré ṣe ń di ńlá. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan, ọmọ Kabba, kò sí fíìmù tó lè tì í lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé ibi tí ọkùnrin kan ti rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Anti, ó ti parí fún un!" Ọwọ́ lásán ni o. Bí òǹkọ̀wé bá ti mú òfin náà kúrò, tí ọmọ ilé ọlá ń dá kẹ́sẹ̀ rìn lọ sílé àpọ́n lọ́gànjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, ọwọ́ kò ní ìtumọ̀ mọ́. Bí kò bá sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i, kí ni kí n máa bẹ̀rù fún? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ báyìí. Wọ́n wọ gáùn àtijọ́ fún ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n ní Regency ni.

Ti aṣọ náà tiẹ̀ ń kọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí mi nínú jù.

Gáùn sáà yẹn, abẹ́ ọyàn ni wọ́n ti ń dè é, ìyókù á sì sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ dé ilẹ̀. Ìbàdí kì í hàn. Kọ́sẹ́ẹ̀tì wọn wà láti gbé ọyàn sókè, kì í ṣe láti fún ikùn pa bíi ti èyí tí àwọn ọmọge ń ní kí n fi bòónù tò fún àwọn lónìí. Síbẹ̀, àìmọye ìwé ni mo ti kà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti fi orúnkún ti ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, tó ń fa okùn títí ìbàdí fi kéré tí ọ̀gá ò lè mí mọ́. Ìbàdí wo? Ta ló máa rí i lábẹ́ gáùn yẹn? Lójú àwòrán iwájú ìwé, sáàtìn tó ń dán yinrin ni ọmọbìnrin náà máa ń wọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹni pé síìpù ló já, bẹ́ẹ̀ síìpù kò tíì dé ayé. Mọ́sílììnì ló wà lóde nígbà náà, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ń ti Íńdíà wá, funfun ni wọ́n sì fẹ́ràn. Aṣọ funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, nínú ẹrẹ̀ àti èéfín London! Ta ló ń fọ̀ ọ́? Ẹ máa retí ìdáhùn lọ, ìwé náà á parí kẹ́ ẹ tó rí i.

Ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń rán gbogbo rẹ̀. Ọdún 1851 ni Singer gba ìwé àṣẹ máṣíìnì tirẹ̀, ogójì ọdún lẹ́yìn tí ọmọ ọba di adelé. Nítorí náà, nígbà tí òǹkọ̀wé bá sọ fún mi pé aránṣọ kan ṣoṣo rán gáùn ijó mọ́jú, tó tún to ìlẹ̀kẹ̀ sí i, mo máa ń pa fóònù dé. Kó sọ pé ọmọbìnrin mẹ́wàá ló jókòó yí àbẹ́là ká tí ojú ń ta wọ́n, mo gbà. Ẹni tó bá ti ran aṣọ Sallah rí mọ ohun tí òru kan lè gbà.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, owó ọwọ́ rẹ̀ di ti ọkọ, títí kan èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, àfi ohun tí àwọn lọ́yà bá ti là sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin náà ṣe ní 1870, 1882 ni wọ́n tó ṣe é dénú. Ìyá ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ta aṣọ òkè ní Jos, bàbá àgbà kò mọ iye tó wà nínú ìlàbùrù rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ wá ro bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ ọlọ́lá wọ̀nyí ń fà lé ọkùnrin lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni." Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ibi tí bàbá ìyàwó, ọkọ àfẹ́sọ́nà àti lọ́yà ti jókòó, tí wọ́n ń sọ iye pọ́n-ùn tí obìnrin náà máa ní lọ́dún bí ọkọ bá kú. Ó dùn mọ́ mi ju ìfẹnukonu lọ. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń fo ibẹ̀, tí díúkù wọn kàn ń sọ pé owó kò jẹ́ nǹkan kan lójú òun, èmi ò gbà á gbọ́. Ẹni tó ní in ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Hajiya tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, tó ń ta tùràrí, ọmọ Kano ni, ìwé ìfẹ́ tirẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n ń kọ ní Hausa, littattafan soyayya, tí Kano ti ń tẹ̀ jáde láti àwọn ọdún 1980. Nínú tirẹ̀ náà, bàbá ń fi ọmọ fún olówó tó dàgbà jù ú lọ, ìyá ọkọ ń dí ojú ọ̀nà, orogún ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. A máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ ìtàn, díẹ̀ ní Hausa, díẹ̀ ní Yorùbá. Lọ́jọ́ tí mo sọ ti ilé kan tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló lè jogún rẹ̀, tí bàbá kú, tí ìbátan wọn ọ̀nà jíjìn wá ń lé opó àti àwọn ọmọbìnrin jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kai! Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yẹn? Wọn ò fún un ní nǹkan kan?"

Mo ní wọn ò fún un.

Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún, ìdajì ti arákùnrin rẹ̀. Sàdákì, owó tí ọkọ ń san nígbà ìgbéyàwó, sì jẹ́ ti ìyàwó, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ó ní kí n lọ wo ọdún tí ìtàn mi ṣẹlẹ̀. Mo wò ó. Ní 1817 tí Jane Austen kú ní Winchester náà ni Shehu Usman dan Fodio kú ní Sokoto. Nana Asma'u, ọmọ Shehu, tó padà di akéwì àti olùkọ́ àwọn obìnrin, ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ní ọmọbìnrin kan ń sunkún nítorí kò ní owó tí yóò mú lọ sílé ọkọ, Hajiya á kàn pe orúkọ Nana Asma'u, á sì padà sídìí tùràrí rẹ̀.

Ti Gretna Green, abúlé kan ní Scotland létí ààlà Ẹ̀ǹgílándì, náà dùn. Òfin 1753 ní Ẹ̀ǹgílándì sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kó tó gbéyàwó. Scotland kò sí lábẹ́ òfin náà, nítorí náà àwọn olólùfẹ́ á gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n á forí lé ààlà. Ṣùgbọ́n láti London débẹ̀ ju máìlì 300 lọ. Ó jìn ju Abuja sí Kano, ẹṣin ló sì ń fà á. Òǹkọ̀wé tó ní wọ́n débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò fẹ́ràn ẹṣin.

Díúkù ti pọ̀ jù, gbogbo yín lẹ mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pé ogójì ọdún, eyín gbogbo wọn sì pé. Ìyẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín lásán. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí owó wọn ti ń wá. Wọ́n á ní ó ní ilẹ̀ ní Jamaica, wọ́n á kọjá. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó ẹrú kọjá òkun, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà lóko ìrèké ṣì jẹ́ ẹrú títí òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1833 fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1834. Gbogbo ṣúgà tí wọ́n ń dà sínú tíì nínú ìwé wọ̀nyí, ẹ̀yìn àwọn ẹni yẹn ló ti wá. Nígbà kan náà ni Ọ̀yọ́ ilé ń fọ́, tí wọ́n ń kó àwa. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ní Òṣoògùn. Mi ò ní kí gbogbo ìwé ìfẹ́ di ìwàásù. Mo kà á kí ara lè tù mí. Lẹ́tà kan láti Jamaica lórí tábìlì oúnjẹ àárọ̀ ti tó, kí ọkọ kà á, kí ìyàwó bi í léèrè. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń ṣe é, ìtàn wọn kò sì bà jẹ́.

Ti ìbímọ náà wà níbẹ̀. Princess Charlotte, ọmọ adelé ọba fúnra rẹ̀, kú ní oṣù Kọkànlá 1817 lẹ́yìn tó bí òkú ọmọ. Bí ọmọ ọba bá kú báyẹn, kí ló dé tí gbogbo orí ìparí fi máa ń ní ọmọ márùn-ún tó ń sáré lórí koríko, tí ẹ̀rù kò ba ìyá wọn rí? Wọn ò gbọdọ̀ pa á o, torí omijé mi kò jìnnà. Kí wọ́n kàn jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá: àwọn kan fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn kan fẹ́ kó ṣí gbayawu. Èyí tó bá wù yín. Mo máa ń fò ó tí mo bá ń kà á fún àwọn ọmọ, wọ́n sì máa ń mọ̀ pé mo fò ó, nítorí ohùn mi á yí padà. Àmọ́ àìgbọ́ra-ẹni-yé tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá parí, tí wọ́n fi ń na ìwé gùn ní ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, ìyẹn ni kò sí ìdáríjì fún.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, opó kan ló ń rán aṣọ ní Bath, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rán gáùn mẹ́ta fún ìyàwó olóyè kan, kò sì tíì rí kọ́bọ̀ gbà. Díúkù kò tíì yọjú. Ọmọ Kabba ní kó má tíì yọjú rárá, kí ìyáàfin yẹn kọ́kọ́ san owó iṣẹ́.