Bí Mo Ṣe Fi Kún RAM Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Mi Lónìí

Lónìí ni mo fi 8 GB kún RAM kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sí, tó fi wá di 16 GB. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwádìí tó ṣáájú rẹ̀ ló gba àkókò mi, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, nítorí ó dá mi lójú pé inú ìwádìí yẹn gan-an ni ògidì iṣẹ́ náà wà.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ti ń falẹ̀. Bí mo bá ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan, tí mo tún ṣí fáìlì ìṣirò ńlá kan lé e, gbogbo rẹ̀ á dì gbagidi, iná hard disk, ìyẹn ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, á sì máa ṣẹ́jú láìsinmi. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni pé kí olówó rẹ̀ lọ ra RAM sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, àìtó RAM nìkan kọ́ ló ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀: hard disk ẹlòmíràn ló ti ń kú lọ, ooru ló ń mú processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) ẹlòmíràn dẹwọ́, ètò tí kò wúlò ló sì kún inú ti ẹlòmíràn tí gbogbo wọn ń dìde ní kété tí ó bá tan ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ra RAM fún irú àìsàn wọ̀nyí, owó rẹ̀ á lọ, àìsàn á sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà léèrè ohun tó ń ṣe é.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ láti ṣí Task Manager, ètò Windows tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo yan Performance, mo yan Memory, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é, tí ojú mi kò sì kúrò lára ìlà tó ń fi ìwọ̀n RAM tí ẹ̀rọ ń lò hàn. Bí mo ṣe ń ṣí iṣẹ́ kan lé òmíràn ni ìlà náà ń gòkè, títí ó fi dé 7.6 GB, tó sì dúró síbẹ̀. Bó ṣe dúró báyìí ni ìlà ti Disk fò sókè dé 100%. Ẹ̀rí tí mo ń wá nìyẹn. Nígbà tí RAM bá ti kún, Windows á kó díẹ̀ nínú ohun tí a kò lò lọ́wọ́lọ́wọ́ lọ sínú fáìlì kan lórí disk tí wọ́n ń pè ní pagefile, á sì tún lọ kó o padà wá nígbà tí a bá béèrè rẹ̀. RAM máa ń dáhùn láàárín nǹkan bíi nanosecond 100, nígbà tí hard disk tó ń yí lè lò tó millisecond 10 kí orí rẹ̀ tó dé ibi tí ohun tí a ń wá wà. Ká ní ìdáhùn RAM ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ti hard disk yóò gba odindi ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́ta ó lé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ èyí kò ní gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ létí mọ́ nígbà tó bá dì.

Ojú-ewé kan náà yẹn sọ fún mi pé ojú-ihò RAM mẹ́rin ló wà, pé ẹyọ kan ló ń lò, àti pé 2400 ni eré rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè gbé nǹkan nígbà 2400 mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀. Bit (ẹyọ 0 tàbí 1) 64 ni ọ̀nà kan tó wà láàárín RAM àti processor lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn byte mẹ́jọ. Bí a bá sọ mẹ́jọ di ìlọ́po 2400 mílíọ̀nù, a ó rí 19.2 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹyọ bá di méjì, tí a sì fi wọ́n sí ojú-ihò tó yẹ, ọ̀nà méjì ló ṣí, ohun tó lè kọjá sì di 38.4 GB. Nítorí náà, bí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́) bá ní ọ̀nà méjì, ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 GB sàn lójú tèmi ju ẹyọ kan tó jẹ́ 16 GB lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo pa ẹ̀rọ, mo ṣí àpótí rẹ̀, mo sì ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM tó wà níbẹ̀: 8GB 1Rx8 PC4-2400T. PC4 yẹn ló fi hàn pé DDR4 ni, ìyẹn ìran kẹrin irú RAM yìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra RAM láìmọ èyí. DDR3 ní eyín (ojú irin tó fi ń kan inú ojú-ihò) 240, ó sì ń lo volt 1.5, DDR4 tó dé ọjà ní 2014 ní eyín 288, volt 1.2 sì tó o. DDR5 náà ní eyín 288, ó sì ń lo volt 1.1, ṣùgbọ́n wọ́n sún àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ kúrò níbi tí ti DDR4 wà kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan sí ojú-ihò èkejì. Ní ti 1Rx8, ó túmọ̀ sí pé èérún (chip) dúdú mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bit mẹ́jọ lára bit 64 yẹn. Mo ra èkejì tí àkọlé rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, nítorí bí eré wọn kò bá dọ́gba, èyí tó yá yóò máa sáré mọ ìwọ̀n èyí tó lọ́ra ni.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà motherboard sọ pé tí RAM bá jẹ́ ẹyọ méjì, A2 àti B2 ni kí wọ́n wà, ìyẹn ojú-ihò kejì àti ìkẹrin tí a bá kà láti ẹ̀gbẹ́ processor. Mo ti yọ wáyà iná, mo sì ti tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ kí iná tó ṣẹ́kù nínú power supply lè tán. Mo fọwọ́ kan irin àpótí náà kí n tó fọwọ́ kan RAM, nítorí iná mànàmáná tó máa ń kó jọ sára ènìyàn lè ba èérún jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ ọ́n lára. Etí ẹyọ náà ni mo dì mú, ọwọ́ mi kò kan eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀. Mo ṣí ìkọ́ oníke, mo fi àlàfo bá ìyọ tó wà nínú ojú-ihò mu, mo wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ní orígun méjèèjì. Ó gba agbára ju bí ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè rò lọ. Motherboard náà tẹ̀ díẹ̀ kí orígun kan tó dún pó, tí èkejì sì tẹ̀ lé e. Títí ìkọ́ yóò fi padà sí ibi tó wà fúnra rẹ̀, RAM kò tíì wọlé dáadáa.

Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ dúdú fún ìgbà díẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó sì tún tan. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Motherboard ń dán RAM tuntun wò láti mọ àkókò tó bá a mu jù ni. Lẹ́yìn náà ni BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ dìde nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, fi 16384 MB hàn mí.

Kí n tó gbé iṣẹ́ mi lé e, mo fi MemTest86, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú RAM, yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì jẹ́ kó ṣe é parí láìkánjú. Ohun tó wà nínú RAM jẹ́ ohun ìyanu fún mi. Bit kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná bíńtín nínú capacitor kan (ohun tó ń gba iná dúró), pẹ̀lú transistor kan (ohun tó ń ṣí iná tó sì ń tì í) tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM ló gbé èrò yìí kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1968. Iná náà ń jò lọ ṣáá, nítorí náà gbogbo bit ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n sì tún un kọ láàárín millisecond 64, láìdúró, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Intel 1103 tó jáde ní 1970 gba bit 1,024. Ọ̀kan ṣoṣo nínú èérún mẹ́jọ tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ wọlé lónìí gba ìlọ́po 8,388,608 iye yẹn, gbogbo wọn ló sì ń jò tí wọ́n ń tún un kọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìlera, ó lè yí òǹkà kan padà nínú fáìlì mi láìsọ ohunkóhun fún mi. Àyẹ̀wò náà parí láìrí àṣìṣe kankan.

Mo tún ṣí gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣí nígbà àkọ́kọ́. RAM tí ẹ̀rọ ń lò gòkè dé 9.8 GB, ìlà ti Disk sì wà nílẹ̀, kò gbéra. Mo yí láti inú fáìlì ìṣirò sí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣí lójú ẹsẹ̀. Ojú-ihò méjì ṣì ṣófo, àmọ́ n kò ní fi nǹkan kan síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi kò bèèrè ju èyí lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni àkókò tí ẹ̀rọ náà ń lò kó tó tan tán. Hard disk ló ni ìyẹn, SSD, ìyẹn disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni mo sì máa fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi bá tún tó o.