Bàtà Aláwọ̀ Aró Láti Yábà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Mo ti fọ bàtà tí mo rà lónìí láti máa fi sáré. Ó wà níwájú fáànù báyìí, mo tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, mo la ahọ́n rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń yọjú wò ó bí ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí èmi àti Ìyá Ìbejì ti ń sáré láàárọ̀ ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè. A sá ìṣẹ́jú kan, a rin ìṣẹ́jú méjì, bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Kánfáàsì tí mo máa ń wọ̀ lọ sọ́jà ni mo fi ń sáré. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ju rọ́bà pẹlẹbẹ lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, débi pé tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ògiri ni mo ń dì mú. Mo ṣáà ń fara dà á, àfìgbà tí Ìyá Ìbejì ní, "Ìyá Dámi, ẹsẹ̀ kì í ṣe irin o."

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàtà tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀, ₦145,000. Mo rọra dá a padà síbi tí mo ti mú un, torí owó iléèwé Dámi ṣì wà nílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wá ní kí n bọ́ bàtà sílẹ̀ jàre, ṣebí ẹsẹ̀ lásán ni Abebe Bikila fi gbégbá orókè nínú eré Marathon ní Róòmù lọ́dún 1960. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọmọ Etiópíà yẹn lára kó tó débẹ̀, bàtà ló sì wọ̀ nígbà tó tún borí ní Tokyo lọ́dún 1964. Èmi tí mo ti ń wọ bàtà láti jẹ́léósinmi, tí àfọ́kù ìgò sì kún ojú títì wa, mi ò lè dán an wò.

Bí mo ṣe forí lé ìdí òkìrìkà ní Yábà lónìí nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró di aago mẹ́rin, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ tó bá ti rìn látàárọ̀, bó ṣe máa ń wú náà nìyẹn téèyàn bá ń sáré. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ń sáré dání.

"Àǹtí mi, ẹ wá wò ó, gíréèdì kìn-ín-ní ni!" Bàtà funfun kan tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ gbé fún mi, ₦25,000. Ó ń dán gbinrin. Mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó le bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Mo tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán, gọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ sì ń bù bí ìyẹ̀fun. Bàtà tó ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Kò sọ́nà tó rìn, àmọ́ ọdún ti jẹ ẹ́ nínú, ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ fi sáré ló lè ṣí.

Aláwọ̀ aró yìí wà lábẹ́ òkìtì, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, n kò gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é rí. Mo tẹ fóòmù rẹ̀, ó wọlé, ó sì padà. Mo tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́ ló ti ṣẹ́, kì í ṣe láàárín. Mo gbé e ka bẹ́ǹṣì, mo lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ láti wò bóyá ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bàtà tí ẹlòmíì ti tẹ̀ wọ́, bí onítọ̀hún ṣe ń rìn ló máa fẹ́ kí ìwọ náà máa rìn. Ó dúró ṣánṣán.

Pẹlẹbẹ ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi; mo ti fi ẹsẹ̀ tútù tẹ sìmẹ́ńtì nílé, mo rí i. Wọ́n máa ń sọ pé ìyẹn ló yẹ kéèyàn fi yan bàtà, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, ìpalára ò torí ẹ̀ dín kù. Bó bá ṣe tù mí lára ni màá fi mọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tóbi ju tòsì lọ, òun ni mo kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Àyè tó ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka mi tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́, gìgísẹ̀ mi ò sì yọ. 40 ni mò ń wọ̀, 41 ni mo mú. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀ láàárín àwọn ìso. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé fa báàgì rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè ráyè kọjá.

Ọmọkùnrin náà pè é ní ₦22,000, mo ní mẹ́wàá. A bá a dé ₦14,000. "Àǹtí mi, ẹ fi nǹkan lé e, mi ò tíì jẹun látàárọ̀." Mo fi ₦500 lé e.

Nílé ni mo ti fa ìtẹ́nú rẹ̀ yọ, tí mo rí ojú ọmọ ìka márààrún ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ó jìn wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ amọ̀. Mo wò ó títí. Ẹni yẹn sáré dáadáa. Mo jù ú nù, mo ra òmíràn ní ₦1,500 lọ́wọ́ aránbàtà ìsàlẹ̀ ilé wa.

Mi ò ní sá a sóòrùn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò fẹ́ ooru. Ìyá Ìbejì ti pè: aago márùn-ún ààbọ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí wọn ò bá mú iná lọ, á ti gbẹ.