Ìwé WES Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ ní Kánádà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó kàwé dáadáa ló ń balẹ̀ sí Kánádà pẹ̀lú ìwé WES lọ́wọ́ (WES ni àjọ tó ń fi ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wé ti Kánádà), tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ti tán nìyẹn. WES ti kọ ọ́ pé B.Sc. wọn bá ti Kánádà dọ́gba, Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ àjèjì nípa máàkì, ti fún wọn ní máàkì lé e lórí, físà sì ti jáde. Àmọ́ torí àtiwọ̀lú ni wọ́n ṣe gba ìwé yẹn. Ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kò ní torí rẹ̀ nìkan fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ kankan torí rẹ̀ gbani síṣẹ́.

Ìkànìyàn tí Kánádà ṣe lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú àwọn àjèjì tó gba dìgírì níta Kánádà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò béèrè ju ìwé girama lọ. Ó dunni púpọ̀, torí kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́. Àkókò ló ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀nà wà.

Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ Kánádà ni òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe láìní ìwé àṣẹ: iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn, ẹnjiníà, lọ́yà, tíṣà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní tirẹ̀, ti Ontario yàtọ̀ sí ti Alberta. Ẹni tó bá wà lára àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti mọ ìpínlẹ̀ tó fẹ́ gbé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kiri. Iṣẹ́ yòókù, bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, báńkì, ìpolówó ọjà tàbí ìkẹ́rù, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ló ń pinnu fúnra rẹ̀.

Èyí tó nira jù nínú gbogbo ètò yìí, ilé ló ti yẹ kí ẹ ti ṣe é. Àwọn ìgbìmọ̀ iṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, sábà máa ń fẹ́ kí yunifásítì fi transcript ránṣẹ́ sí wọn tààrà, wọn kì í gba èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú wá. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sanwó ti WES, ẹ san ti ìgbìmọ̀ iṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti rékọjá òkun tán, ẹni tó máa bá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ́jísírà máa ṣọ̀wọ́n. Ẹ gba àlàyé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ́ láti ẹ̀ka yín pẹ̀lú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, pàápàá ẹ̀yin ẹnjiníà àti nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ kúrò, wákàtí tí ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an. Lẹ́tà tó kàn ní òṣìṣẹ́ rere ni yín kò wúlò fún nǹkan kan.

Orúkọ ń dá fáìlì dúró ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bí sátífíkéètì bá gbé orúkọ bàbá, tí páásípọ́ọ̀tù gbé ti ọkọ, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Olúwaṣeun lójú ìwé kan, tó wá jẹ́ Ṣeun lójú ìkejì, ẹ lọ búra ní kóòtù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tó gba HND, ẹ má retí pé wọ́n máa kà á sí B.Sc.; díplómà ni wọ́n sábà máa ń pè é, iye máàkì Express Entry yín sì máa yí padà. IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, náà ní tirẹ̀: General Training ni Express Entry ń gbà, kì í gba Academic, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìgbìmọ̀ iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ Academic ni wọ́n ń béèrè. Èsì rẹ̀ kì í ju ọdún 2 lọ.

Nọ́ọ̀sì ni àkókò ń pa lára jù. Ìdánwò NCLEX-RN ni gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù, àmọ́ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ní Ontario ni ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín ọdún 3 tó ṣáájú. Ẹni tó bá balẹ̀, tó wá fi ọdún mẹ́rin tọ́jú àwọn arúgbó kó lè rí owó ilé san, lè bá a pé iṣẹ́ tó ṣe nílé ti gbó jù. Ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lójú ìgbìmọ̀ náà, bó ti wù kó jọ ọ́. Wọ́n lè ní kó padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ kó tó gba ìwé àṣẹ. Nova Scotia ṣí ọ̀nà tó yá sílẹ̀ lọ́dún 2023 fún nọ́ọ̀sì tó gba ìwé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tí Ontario ń fi falẹ̀ gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Nílé náà, ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́rìí rẹ̀ fún òkè òkun. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín kí ẹ tó mú ọjọ́ ìrìn-àjò.

Fún ẹnjiníà, Ontario ń béèrè ìrírí oṣù 48. Tẹ́lẹ̀, oṣù 12 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà, àmọ́ wọ́n mú ìyẹn kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sọ̀rètí nù ni kò sì tíì gbọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe dáhùn ìbéèrè 34 tí wọ́n pín sí ọ̀nà 7, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì jẹ́rìí sí i. Ibẹ̀ ni ìṣòro máa ń wà: ọ̀gá àtijọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, íméèlì rẹ̀ ti kú. Ẹ gba íméèlì ara wọn, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, kí ẹ tó lọ. Kí ìwé àṣẹ tó dé, ẹ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹnjiníà tó ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ pe ara yín ní ẹnjiníà. Bí ẹ bá ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá estimator, designer tàbí project coordinator.

Dókítà máa ń ṣe ìdánwò MCCQE Part I àti NAC, kó tó wá du àyè residency (ìkọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn) nínú CaRMS, ètò tó ń pín àwọn àyè náà, àyè tí ò pọ̀ fún ẹni tó kàwé níta. Ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tí kò ní PR (àṣẹ láti máa gbé Kánádà títí lọ) kò lè wọ inú ìdíje yẹn rárá. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ nílé, ẹ wo Practice Ready Assessment ti ìpínlẹ̀ yín, ètò tí wọ́n fi ń yẹ dókítà onírìírí wò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ tó pa owó yín sí CaRMS. Apoògùn máa gba ọwọ́ PEBC, ìgbìmọ̀ tó ń dán àwọn apoògùn wò. Ti lọ́yà sàn díẹ̀ ní ti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ lè fi ìwé yín ránṣẹ́ sí NCA, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn lọ́yà tó kàwé níta wò, láti ilé kí ẹ sì ṣe àwọn ìdánwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé níwájú. Ìdánwò ìpínlẹ̀ àti articling (ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà) ṣì ń dúró lẹ́yìn ìyẹn.

Owó ilé ò ní dúró de ìwé àṣẹ, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ àtijẹ-àtimu. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni wákàtí rẹ̀. Iṣẹ́ òru oníwákàtí 12, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn lè kàwé, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dára. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ yan èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ yín: apoògùn lè ṣe pharmacy assistant ní Ontario láìgba ìwé àṣẹ, lọ́yà lè ṣe law clerk. Owó ibẹ̀ lè kéré sí ti ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ ẹ̀ ń gbọ́ èdè iṣẹ́ náà, ẹ sì ń mọ ẹni tó lè jẹ́rìí yín lọ́la.

Ní ti ìrírí Kánádà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń béèrè, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Ontario ti sọ lọ́dún 2013 pé bíbéèrè rẹ̀ lè jẹ́ ìwà ẹ̀tanú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ Ontario tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ mọ́. Òfin yìí dára, àmọ́ kò yí ọkàn mánijà padà, nítorí náà CV yín gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ ti wá. Ojú ewé 2 ti tó. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá àti bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó kúrò. Ẹ má kàn kọ NYSC sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ sọ bó ṣe tóbi tó, iye èèyàn tó wà lábẹ́ yín àti iye owó tó gba ọwọ́ yín kọjá.

Fún owó ìdánwò, àjọ Windmill Microlending ń yá àwọn àjèjì tó kàwé níta ní owó tó lè tó dọ́là Kánádà 15,000, fún ìdánwò, ìwé àti ẹ̀kọ́ tó ń múni wọ iṣẹ́. Ètò iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó yáni lówó. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó kù, iye rẹ̀ àti oṣù tí ẹ fẹ́ ṣe é sínú ìwé kan kí ẹ tó kàn sí wọn.