Ọdún 2025 tèmi: ọdún tí mo fowó ra géèmù àtijọ́

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ayé ti ń ka àṣeyọrí wọn jáde, ẹni tó ra mọ́tò ti gbé fọ́tò ẹ̀ síta, ẹni tó kọ́lé ti ṣílé, èmi náà á ṣe tèmi, ẹ má ṣáà retí mọ́tò lọ́dọ̀ mi. Owó ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lé, mo san án. Mo ra sólà kékeré àti bátìrì sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, ìyẹn ló jẹ owó jù lọ́dún yìí, kò sì dùn mí. Ọmọ mi ọkùnrin wọ JSS1. Ara le, a dúpẹ́. Ó tán, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Géèmù ni. Látìgbà tí mo ti ń gbá géèmù kọ̀ǹpútà, ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ yọ owó lápò ra ọ̀kan, kì í sì í ṣe tuntun ni mo rà o, àwọn àgbà géèmù ni, àwọn sci-fi ayé ijọ́un, ti ọkọ̀ òfuurufú àti róbọ́ọ̀tì àti àwọn ẹ̀dá tó ń bọ̀ láti pílánẹ́ẹ̀tì míì wá gba ilé onílé.

Ẹni tó bá gbé Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tá a wà ní yunifásítì LAUTECH lọ́hùn-ún á mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń ra géèmù gidi. CD tí wọ́n fi máàkà kọ orúkọ sí lórí ni, o máa rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tàbí kó o yá a lọ́wọ́ ará yàrá kejì, wà á kọ́pì ẹ̀ sórí ẹ̀rọ, wà á wá crack tó máa ṣí i, ó tán. Ohun tí a ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé àwọn tó ń kọ́pì ẹ̀ ti máa ń gé nínú ẹ̀ kó lè wọ CD, wọ́n á yọ fídíò, wọ́n á yọ orin, ìgbà míì ohùn gan-an wọ́n á yọ ọ́. Èmi gbá Red Alert àkọ́kọ́, géèmù ogun kan, ti 1996, débi pé mo lè fojú dídì kọ́ base (ibùdó ogun), ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń fa ìjà láàárín àwọn ará Soviet àtàwọn tó kù. Ọdún yìí tí mo rà á ni mo rí i pé fídíò kan wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Einstein fi ẹ̀rọ kan padà sí 1924 ní Jámánì, ó dúró de Hitler níta ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Hitler pòórá, bẹ́ẹ̀ ni ogun ayé tí a mọ̀ ò ṣe wáyé bó ṣe wáyé, Stalin ló wá gbéra sọ kó gba Yúróòpù. Ogún ọdún ni mo fi ń ja ogun tí mi ò mọ ìdí ẹ̀. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mo wo fídíò yẹn, kọ́sítọ́mà kan dúró tì mí, òun náà ń wò ó, ó gbàgbé pé screen fóònù ẹ̀ ló gbé wá.

Bí mo ṣe rà á náà ní ìtàn. Ẹ ṣáà rántí ìgbà tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ti káàdì náírà pa fún ọjà òkè òkun, ìparí 2022 wọ 2023, báńkì kan tẹ̀lé ìkejì, o fẹ́ ra nǹkan dọ́là méjì péré o máa bẹ ẹni tó ní káàdì dọ́là, òun náà á sì fi èrè tiẹ̀ lé e. Àárín ọdún yìí ni àwọn báńkì kan ṣí i padà. Tèmi ò tètè ṣiṣẹ́, mo wá dé ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé kí lẹ fẹ́ fi rà, sà, mo ní géèmù. Ó wo ewú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ti àwọn ọmọ ni, àbí, sà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi.

GOG ni mo kọ́kọ́ lọ, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn ará Poland, láti 2008 ni wọ́n ti wà, Good Old Games ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ wọn ni pé tó o bá ti sanwó, wọ́n á jẹ́ kó o gbé installer ẹ̀ (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ) lọ, o lè fi sí flash, o lè fi sí hard disk, kò ní máa wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri kó tó ṣí fún ẹ. Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù kejì, òun náà dáa, mo ní nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ láti 2024 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ síbi ìsanwó pé license (àṣẹ láti lò ó) lo ń rà, kì í ṣe géèmù gangan, òfin kan ní California ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó kéré tán wọ́n sọ ọ́ sójú. Sale ni mo máa ń dúró dè, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rà ò tó dọ́là mẹ́ta, dọ́là sì ń lọ ní bíi ₦1,500 lọ́dún 2025, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Ẹ gbọ́ ná. Laptop ThinkPad tòkunbọ̀ ni mò ń lò, 4GB RAM, kò ní graphics card (ohun tó ń ya àwòrán géèmù) kankan tó ṣeé dárúkọ, bẹ́ẹ̀ géèmù tuntun lónìí lè ní kó o lọ wá dátà 100GB, kó tún wá máa ṣe update ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù 1997 wọ CD kan, CD kan ò sì ju 700MB lọ. Èyí tó jẹ́ ti DOS nínú wọn, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde, ètò kan tó ń jẹ́ DOSBox ló máa ń tan laptop pé ayé DOS ṣì la wà, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn géèmù yìí ò sì ń jẹ bátìrì púpọ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ yẹn ò ní gbóná, fáànù inú ẹ̀ ò ní pariwo, wà á kàn máa bá eré ẹ lọ títí wọ́n á fi mú un dé tàbí títí oorun á fi gbé ẹ. Tèmi ni pé kò sí ohun tó bá ipò wa mu tó èyí o, ó dà bí ẹni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé a ń bọ̀.

Fallout ni mo kọ́kọ́ rà, ti 1997, ti Interplay. Bọ́ǹbù ti ba ayé jẹ́, àwọn èèyàn sá sínú ihò lábẹ́ ilẹ̀, Vault 13, ohun èlò tó ń tún omi wọn ṣe wá bàjẹ́, wọ́n ní kó o jáde lọ wá òmíràn láàárín ọjọ́ 150. Kì í ṣe ìbọn ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn níbẹ̀, omi yẹn ni. Ẹni tó bá ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga ilé ti gbẹ, tó ń fetí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ìró ọmọlanke omi, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé géèmù yìí fún un. Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé, tó o bá dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Hub, o lè sanwó fáwọn tó ń ta omi kí wọ́n gbé omi lọ fún àwọn ará ilé ẹ, wọ́n á sì fi ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kún un fún ẹ. Mo ní ẹ wò ó, ọlọ́mọlanke náà wà níbí!

Ṣùgbọ́n èyí tó gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi pátápátá ni X-COM. 1994 ni, UFO: Enemy Unknown ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù, Julian Gollop àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Mythos Games ló ṣe é, MicroProse ló tà á. Àwọn àjèjì láti ojú ọ̀run ń wá kó èèyàn lọ, orílẹ̀-èdè 16 wá ń dáwó lóṣooṣù fún ẹ kó o gbà wọ́n sílẹ̀, Nàìjíríà sì wà nínú mẹ́rìndínlógún yẹn! Bẹ́ẹ̀ ni, 1994, àwọn òyìnbó jókòó wọ́n ń ronú àwọn tó máa dáwó gba ayé sílẹ̀, wọ́n ka Nàìjíríà mọ́ ọn. Mo gbé base mi sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, mo sọ ọ́ ní OGBOMOSO, láìsí àmì kankan, géèmù 1994 ò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì.

Géèmù yìí máa ń jẹ́ kó o yí orúkọ sójà padà, mo bá fi orúkọ ìnagijẹ àwọn ará hostel wa sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kú níbẹ̀ kú nìyẹn, kò ní jíǹde. Rúùmù-méètì mi tó wà ní Kánádà báyìí, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́, òkùnkùn biribiri, kò tíì gbẹ́sẹ̀ méjì tí nǹkan fi tàn yanran látẹ̀yìn ilé kan, ó ṣubú. Mo ya fọ́tò ẹ̀ mo fi sórí WhatsApp wa. Ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ̀ẹ́! Ta ló ní kó o rán èmi ṣíwájú? Kí ló dé tí ìwọ ò lọ?" Làwọn tó kù bá ń bi mí ipò tí àwọn wà, ẹnì kan ní kí n má fún òun níbọn, kí n jẹ́ kí òun máa se oúnjẹ ní base. Látìgbà yẹn ni gbogbo wọn ti ń béèrè ara wọn lọ́wọ́ mi, àwọn tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ọmọ mi tó kọ́kọ́ ní "Dádì, kí ló dé tí ojú wọn rí kóríkòrì báyìí" ló wá di ẹni tó ń jókòó tì mí. Òun ló wà níbẹ̀ lálẹ́ tí ìròyìn òpin oṣù dé nínú géèmù tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bá àwọn àjèjì ṣe àdéhùn abẹ́lẹ̀, kò ní dáwó mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, àwa náà la lọ bá wọn?" Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá.

System Shock, 1994 kan náà, ti Looking Glass, òun le díẹ̀. Kí n sọ òótọ́, bí wọ́n ṣe ní kéèyàn máa darí ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ìyà gidi ni, Enhanced Edition tí iléeṣẹ́ Nightdive ṣe ní 2015 ni kẹ́ ẹ rà, òun lẹ lè fi mouse wòkè wolẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá: kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò lè ṣe èèyàn tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ kó dà bí èèyàn, wọ́n bá kúkú pa gbogbo ará ibẹ̀ kó o tó dé. SHODAN, kọ̀ǹpútà tó ń darí ilé òfuurufú náà, ti pa wọ́n tán, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nìkan ni wà á máa rí he káàkiri, bí ìgbà téèyàn ṣí fóònù olóògbé tó ń gbọ́ voice note ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń pariwo lé ọ̀gá ẹ̀, ọ̀kan ń sọ ibi tó kó oògùn pa mọ́ sí, nígbà tó o bá máa fi débẹ̀, òkú ẹ̀ lo máa bá. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde lórí floppy, kíkà ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wọn, ti CD ló wá ní ohùn. Mo dúpẹ́ pé mi ò bá tèmi pàdé lọ́wọ́ àwọn agékúrò Under-G.

Elite, géèmù ọkọ̀ òfuurufú àti káràkátà, mi ò rà á, Oolite tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ ẹ̀ ni mò ń lò. Elite gangan, David Braben àti Ian Bell ló ṣe é ní 1984 sórí BBC Micro tí gbogbo memory ẹ̀ ò ju 32KB lọ, fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ́n kó gálásì (galaxy, agbo ìràwọ̀) mẹ́jọ síbẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì 256 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o, nọ́ńbà díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á máa ṣírò ìyókù jáde, orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì, irú ìjọba tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ọjà. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ babaláwo, 256 yẹn ò ní ṣàjèjì sí yín: ojú mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kan tàbí méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣírò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ fún bàbá kan ní Ọjà Jagun, ó ní ta ló wá kọ́ wọn.

StarCraft 1998, géèmù ogun òfuurufú, ti di ọ̀fẹ́ láti 2017, òun la fi ń ṣeré lọ́jọ́ Sunday, èmi àti ọmọ mi, laptop méjì, wáyà kan láàárín. Níbẹ̀ lèmi àti ìyàwó mi ti fẹ́ jà. Ọ̀pọ̀ nǹkan gidi lo ò lè kọ́ níbẹ̀ láìsí gáàsì, ohùn kan á máa pariwo pé gáàsì ò tó. Ìyàwó mi wá ké láti kíṣìnnì, "Dádì, gáàsì ti tán o!" Mo ní mo ti rí i, mo ti rán èèyàn lọ bù ú wá. Ó dákẹ́, ó rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rán. Ẹ̀wà wà lórí iná lọ́jọ́ náà, kò tíì jinná.

Homeworld ti 1999, géèmù ogun ọkọ̀ òfuurufú, ló kù tí mo ń ṣọ́ lórí Steam, àmọ́ Remastered (àtúnṣe) tí wọ́n ṣe ní 2015 ni wọ́n ń tà, ẹ̀rù ThinkPad mi ló ń bà mí. Ẹni tó bá ti gbá a lórí Intel graphics lásán kó jọ̀ọ́ sọ fún mi bó ṣe rí kí n tó sanwó.