Owó ilé kíkọ́ lọ́tọ̀, owó ẹ̀ṣọ́ ilé lọ́tọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé l'Abẹ́òkúta, kó tó máa ronú irú kọ́tìnì tó máa ta sí pálọ̀, kó kọ́kọ́ lọ mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ ná. Olúmọ nìkan kọ́ ni àpáta tó wà nílùú yìí o. Ilẹ̀ méjì lè fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ ní Ọbáńtokò tàbí Adìgbẹ, kí ọmọ onílẹ̀ pe iye kan náà lé méjèèjì lórí, kí ọ̀kan jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa tí lébìrà á gbẹ́ tán kí oòrùn tó mú, kí èkejì jẹ́ àpáta látòkè délẹ̀. Èyí tó jẹ́ àpáta yẹn, wọ́n á dáná táyà lé e lórí títí á fi gbóná tí á sì sán, wọ́n á wá máa fi òòlù ńlá fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, owó ojúmọ́ lébìrà sì ni gbogbo ẹ̀, ẹ ò tíì to búlọ́ọ̀kù kankan o. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ báyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó òkúta yẹn dànù tàbí kí wọ́n rọra tà á mọ́ yín lójú, ìpìlẹ̀ lẹ máa fi kún.

Ohun tá a ṣe lèmi àti ọkọ mi ni pé ká tó sanwó ilẹ̀ kankan, a máa ń mú lébìrà kan dání, kó gbẹ́ ihò díẹ̀ sí igun ilẹ̀ yẹn. Owó péréte ni. Lẹ́yìn náà a ó ya ilé àwọn tó ti ń gbé ládùúgbò, a ó kí wọn dáadáa, a ó bi wọ́n bí kànga wọn ṣe jìn tó, ṣé ó sì máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà kan wo ọkọ mi lójú, wọ́n ní "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì sanwó, àbí? Lọ́dọọdún la máa ń ra omi níbí o, láti oṣù Jánúárì." Ọ̀rọ̀ màmá yìí wúlò ju gbogbo ohun tí agẹ́ńtì fi ìdajì wákàtí sọ lọ. A dúpẹ́, a bá tiwa lọ.

Ẹ bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀ ilẹ̀ náà pẹ̀lú, torí gbogbo wọn ló ń pe tiwọn ní plọ́ọ̀tì kan. Ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ 7,200, 50 lọ́nà 100 jẹ́ 5,000, ẹ wo bí ìyẹn ṣe jìnnà síra tó, wọ́n á sì pe iye kan náà fún yín. Kẹ́ ẹ gba survey ẹ̀, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ l'Òkè-Mọ́sàn bóyá ìjọba ò tíì gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni wọ́n fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí, torí náà rìsíìtì ẹbí nìkan ò tó sùn lé lórí.

Ó wá ku owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbowó oṣù, ẹ wo slip yín dáadáa bóyá wọ́n ń yọ 2.5% fún National Housing Fund, ìyẹn owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń dá jọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun lè fi yáwó. Òfin ẹ̀ ti wà láti 1992, Federal Mortgage Bank ló ń bójú tó o, ẹni tó bá ti dá a tó oṣù 6 lè béèrè, èlé ẹ̀ 6% lọ́dún, wọ́n sì lè fún èèyàn tó 30 ọdún láti fi san án. Èlé yìí kéré gan-an o, ẹ lọ béèrè iye tí àwọn báńkì yòókù ń gbà. Ibi tó ti máa ń há ni ìwé ilẹ̀, torí wọ́n máa béèrè ojúlówó ìwé bíi C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ẹni tí ò bá sì ní in, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré.

Tèmi o, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni mo gbára lé. Wọ́n máa ń yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ní nínú àpò ẹgbẹ́, onídùúró méjì á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Èmi ò lè gba gbọ́múlélántà láéláé, tàbí àwọn owó orí fóònù yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá yá 500,000 náírà ní 5% lóṣù, tí wọn ò yí èlé yẹn padà títí tó fi san án fún oṣù 10, 25,000 ni èlé oṣù kan, 250,000 lápapọ̀. Nítorí POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́ àti àga! Àga tí ọmọ máa gun, tí á ya.

Àjọ náà dáa, ṣùgbọ́n tó bá kàn yín, ẹ fi ra ohun tí ò ní bàjẹ́, irin, wáyà, páànù. Ẹ má to sìmẹ́ńtì jọ, tó bá ti lé ní oṣù 3 nílẹ̀ agbára ẹ̀ ti ń lọ, òmíì á tiẹ̀ ti gan nínú àpò. Tẹ́ ẹ bá ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ jókòó tì wọ́n, àpò kan ò yẹ kó ju 30 sí 35 búlọ́ọ̀kù onínáìnì, ìyẹn oní-íńṣì mẹ́sàn-án, lọ, àwọn kan á fẹ́ yọ 45. Ilé tá a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ wá kàn. Ẹ má kun ilé tí plásítà ẹ̀ ò tíì gbẹ, á hu, á sì máa ré. Níbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ máa ń kàn, ẹ lo pẹ́ńtì satin torí ó ṣeé fọ̀, kí pẹ́ńtì emulsion lọ sí yàrá àgbà. Àwọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú ìwé àwọn tó ń ta pẹ́ńtì yẹn, ẹ kọ́kọ́ kùn ún sí ibi kékeré kan lára ògiri, kẹ́ ẹ wò ó láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, ẹ máa rí i pé ó ń yí padà. Táìsì náà, nọ́ńbà shade, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ ẹ̀, tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ jọra, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ sí stóò, torí tí ọ̀kan bá fọ́ lọ́dún méjì sí i, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ti bálùwẹ̀, èyí tó rí ṣákiṣàki ni o, kì í ṣe èyí tó ń dán.

Kọ́tìnì wa, ọjà Ìtòkú la ti rà á, àdìrẹ ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó fi pamọ́ jù, torí àwọn tó ń ta kọ́tìnì, iye tí wọ́n pè fún fèrèsé kan lásán, mo fi ra àdìrẹ tó tó pálọ̀. Mo bi ìyá tó ń tà á pé ṣé kì í ṣí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, èyí tí wọ́n fọwọ́ pa láró máa ṣí díẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò."

Wọ́n yí i, aró ti wọ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Wọ́n wá mú èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì funfun. Látìgbà náà, ẹ̀yìn aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sá a síbi òjìji, kí tẹ́lọ̀ sì fi láínì sí i lẹ́yìn torí oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ aró. Tí fèrèsé bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 4, aṣọ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 8 ni kẹ́ ẹ ṣírò, ìyẹn ni kò ní rí pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ìgbà wo ló yẹ káwọn kó wọlé. Tí òrùlé, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, iná àti omi bá ti wà, ẹ kó wọlé jàre, kẹ́ ẹ fi owó tẹ́ ẹ fi ń san rẹ́ǹtì máa ṣe yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan ṣì wà nílé wa tí ò tíì rí pẹ́ńtì, ibẹ̀ la ń kó gààrí àti ìyókù táìsì sí, ìyá ọkọ mi sì máa ń béèrè ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Mo ti sọ fún wọn, tí àjọ bá kàn mí ló kù.