Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Tún Gbọ̀n

Ẹ yin Olúwa o! Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láàyè díẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí yìí, ìka mi ni ò jẹ́ kí n lè tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú. Àwọn míì máa ń dúpẹ́ iṣẹ́, àwọn míì á dúpẹ́ ọmọ, èmi wá dúpẹ́ pé ara mi gbọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti básíkù, ọ̀rẹ́ àtọjọ́ pípẹ́ ni wá. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi jókòó sílé, tí kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri bí ẹni tó ń bá mi yan odì, ìgbà tí March wá wọlé, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀mùnú, tí oòrùn ràn lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, ara mi ò gbà á mọ́. Kìlómítà 130 ni mo ní mo fẹ́ gùn, kí n gba àárín oko lọ kí n sì gba ibẹ̀ bọ̀. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ mú réńkóòtù yín dání o." Mo ní ṣé o ò rí oòrùn ni. Ó ní oòrùn oṣù yìí, ojú ló ní, kò lọ́wọ́. Mo fi rẹ́rìn-ín, mo jáde.

Ohun míì tó tún ń gùn mí ni ìtàn Bernard Hinault, ará Faransé, nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Liège–Bastogne–Liège ti April 1980 ní Bẹ́ljíọ̀mù. Sínóò ń bọ́ lọ́jọ́ yẹn, èèyàn 174 ló bẹ̀rẹ̀, 21 péré ló parí, Hinault sì fi ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́sàn-án ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì. Tí òtútù bá ti fọwọ́ kàn mí báyìí, màá ní Hinault ṣe é, ta lèmi. Mi ò kì í sọ ìparí ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni, pé ìka ẹ̀ méjì ò bọ̀ sípò tán láti ọjọ́ náà.

Àlọ dùn. Ó dùn jù, ó sì yẹ kí n fura. Kẹ̀kẹ́ ń fò lábẹ́ mi, mo rò pé agbára ẹsẹ̀ mi ni, àṣé atẹ́gùn ló ń tì mí lẹ́yìn. Ìgbà tí mo yí orí kẹ̀kẹ́ padà ní kìlómítà 65 ló tó gbá mi létí. Ẹ wò ó, ká ní ojú ọjọ́ wà ní 5°C, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, bí ẹni pé ó wà ní òdo ni awọ ara á ṣe gbọ́ ọ, ìyẹn tí ara bá gbẹ o. Tèmi ò gbẹ. Síngílẹ́ẹ̀tì òwú ni mo wọ̀ sínú, mo ti làágùn sí i nígbà tí mo ń gun òkè, òógùn yẹn tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi láyà, ni òjò tó pò mọ́ sínóò bá tún bẹ̀rẹ̀. Omi sì rèé, ó ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Èèyàn á rò pé òkè ni ìyà wà, irọ́ ni, ìsọ̀kalẹ̀ ni ìyà wà, torí ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, atẹ́gùn sì ń gba àárín aṣọ kọjá. Ìka mi ò ká mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tẹ bíréèkì.

Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti jò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti táyà yìí dáadáa torí ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni lọ́wọ́ mi, mo lè dijú ṣe é. Mo yọ táyà, mo mú tíúùbù tuntun jáde, ìdérí kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀, tí ò ju èékánná lọ, kò ṣí. Mo ń wo ìka mi méjì tó dì í mú, mo rí i pé wọ́n dì í mú, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ lọ́wọ́ rárá, àfi bí ẹni pé ìka ẹlòmíì ni wọ́n yá mi. Mo fi eyín ṣí i, díẹ̀ ló kù kí n gbé e mì. Ìṣẹ́jú 50 ni mo lò níbẹ̀, lójú kan, nínú òjò.

Bí mo ṣe gùn ún padà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n kékeré o, eyín ń lu eyín, kẹ̀kẹ́ ń ya sọ́tùn-ún ya sósì bíi ti ọ̀mùtí, mo gé ahọ́n ara mi jẹ. Inú ń bí mi sí i. Mo gbàdúrà, mo ní Olúwa ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí gbígbọ̀n yìí dáwọ́ dúró.

Ó sì dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ará, àdúrà yẹn gbà, òun ló sì fẹ́ẹ̀ pa mí! Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo ní mo ti borí, ó tiẹ̀ wá dà bíi pé ooru ń mú mi, mo ṣí síìpù jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà tó là mí lóye pé gbígbọ̀n yẹn ni ara fi ń dáná fún ara ẹ̀, iṣan ló ń ṣiṣẹ́ kí ooru lè jáde. Ooru ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí 37°C, tó bá ti wá sí abẹ́ 35 wàhálà ti dé, tó bá tún wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi ìdáná tán nìyẹn, gbígbọ̀n á dúró, ọpọlọ á wá máa parọ́ fún onítọ̀hún, àwọn kan tiẹ̀ máa ń bọ́ra sílẹ̀ nínú sínóò. Fóònù mi náà ti kú, òtútù máa ń pa bátìrì. Mo wá gbàgbé orúkọ àbígbẹ̀yìn mi. Mo wá a wá a, mi ò rí i, kò sì dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn, pé kò dùn mí.

Mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá gééètì oko kan, mo fara ti òpó, mo ní kí n sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn pé ni, ẹlòmíì ni ì bá máa tẹ nǹkan nípa mi báyìí.

Àṣé àsìkò tí àgùntàn ń bímọ la wà. Màmá àgbà kan tó ni oko náà, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún, mú tọ́ọ̀ṣì jáde láti wo èyí tó ń rọbí. Kì í ṣe èmi ni wọ́n wá wò o. Wọ́n ní àwọn ka àgùntàn àwọn tán, àwọn wá rí i pé ọ̀kan lé! Wọ́n bi mí pé kí lorúkọ mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí akoto mi, ọwọ́ mi ń tá ràrà lábẹ́ àgbọ̀n, kò rí okùn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ mí lábíyá, wọ́n gbé mi nílẹ̀.

Nínú kíṣìnì wọn, páálí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọmọ àgùntàn kan wà nínú ẹ̀, òtútù ti fẹ́ẹ̀ pa òun náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì pupa wé e, imú nìkan ló yọ síta. Màmá mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé síngílẹ́ẹ̀tì kúrò lára mi, wọ́n nù mí gbẹ, wọ́n fi bláńkẹ́ẹ̀tì wé mi, wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ìgò, wọ́n fi aṣọ wé ìgò náà, wọ́n ki ìgò ọ̀hún bọ̀ mí lábíyá. Mo fẹ́ na ọwọ́ sí iná, wọ́n gbá a kúrò. Wọ́n ní àárín lèèyàn ń kọ́kọ́ dáná sí, kí ọwọ́ àtẹsẹ̀ dúró dè é, bí àwọn ṣe ń ṣe fún ọmọ àgùntàn nìyẹn. Wọn ò ra mí lọ́wọ́, wọn ò fún mi lọ́tí. Ìgbà tí mo tó lè pe orúkọ ara mi já gaara ni wọ́n tó gbé tíì oníṣúgà sí mi lẹ́nu bí ìkókó.

Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣàdédé ta kìjí. Lẹ́yìn náà èjìká. Lẹ́yìn náà gbogbo ara, àga tí mo jókòó lé ń lu ilẹ̀ gbà-gbà-gbà, ọmọ àgùntàn gbórí sókè ó ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo rò pé ó tún ti dé. Màmá fa àga, wọ́n jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa gbọ̀n, ọmọ mi. Gbọ̀n dáadáa."

Nígbà tí ańbúláǹsì dé, ooru ara mi ṣì wà ní 32 àti díẹ̀, lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tí Màmá ti ṣe yẹn o. Inú ańbúláǹsì lorúkọ ọmọ mi ti padà wá, mo ń pè é lápètúnpè títí nọ́ọ̀sì fi bi mí pé ta nìyẹn.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ eyín tó lu eyín, mo dúpẹ́ abo àgùntàn tó rọbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí kò rọbí lọ́sàn-án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi tí kò sọ "ṣebí mo sọ fún yín", ó kàn gbé réńkóòtù kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìka mi méjì lọ́wọ́ òsì ṣì dà bí ohun tí wọ́n fi òwú wé, dókítà ní á padà bọ̀ sípò.

Bláńkẹ́ẹ̀tì Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ wa, a ti fọ̀ ọ́, Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ dá a padà, èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ, mo sì fẹ́ rí ẹnìkejì mi inú páálí yẹn, wọ́n ní ó ti ń fò káàkiri pápá. Ọkọ̀ la máa gbé lọ o.