Ìbọn Àjogúnbá: Ẹ Ka Òǹtẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọ Ìpẹtà

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń díye lé nǹkan àtijọ́, bí ẹnì kan bá gbé ṣakabùlà bàbá àgbà rẹ̀ wá, bóyá wọ́n ti kì í ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀tù kì í kú tí omi ò bá kàn án. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, ẹ ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí i lọ́gangan ẹnu ìbọn, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta. Ó yẹ kí orí ọ̀pá bá ihò tí iná ń gbà wọlé dọ́gba. Bó bá ku ìka mẹ́ta kó débẹ̀, wọ́n kì í, wọn ò yìn ín. (Ó lè jẹ́ ìtẹ́ agbọ́n o, àmọ́ ẹ má fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.) Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kó tú u.

Òǹtẹ̀ ló kàn. Gbogbo èèyàn ló ń nawọ́ sí ọ̀rọ̀ TOWER (orúkọ ilé ohun ìjà ọba ní Lọ́ńdọ̀n) àti adé tó wà lára irin ẹ̀gbẹ́ tó gbé ẹ̀rọ ìyìnbọn, wọ́n á ní ti ológun ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn arọ̀bọn Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù lu ọ̀rọ̀ yẹn sára ìbọn òwò lásán. Abẹ́ ọ̀pá ìbọn, níbi ìdí rẹ̀, lẹ ti máa rí òótọ́, igi ló sì bò ó. Ẹ yọ àwọn ìṣó kéékèèké tó dè é mọ́ igi, ẹ gbé ọ̀pá kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji á gbé òǹtẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ jáde. Ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn pẹ̀lú adé: ilé ìdánwò Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń dán agbára ọ̀pá ìbọn wò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1813. ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin: Liège. Bí adé bá wà lórí ẹyin náà, kò ṣáájú 1893. Ibẹ̀ ni ìtàn ìdílé ti ń já. Wọ́n á ní Kírìjì ni bàbá gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ti tú àgọ́ ká ní 1893 kí adé yẹn tó bọ́ sórí ìbọn.

Bó bá jẹ́ olókùúta, ìyẹn ìbọn tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀, òkúta yẹn náà ò fi hàn pé ó gbó. Àdéhùn Brussels ti 1890 dènà ìbọn ìgbàlódé láti wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó fàyè gba olókùúta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́ fún wa nígbà tí ológun Yúróòpù ti pa á tì.

Ẹ wo irin ẹ̀gbẹ́ fún ihò tí wọ́n dí: àmì pé olókùúta tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n wá sọ ọ́ di èyí tí òòlù ń gbá fìlà ìṣáná kékeré dípò òkúta. Ẹ wo ọ̀pá bóyá páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń já owó rẹ̀ wálẹ̀, páìpù sì burú jù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti sáńpépà ló ń ba ọjà jẹ́ jù lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kó lè dán, òǹtẹ̀ á sì bá ìpẹtà lọ. Aṣọ gbígbẹ àti òróró ẹ̀rọ díẹ̀ ti tó.

Iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi díye, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é. Ẹ sì bèèrè ìwé àṣẹ: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 dárúkọ ṣakabùlà àti olókùúta gan-an, pé ó jẹ́ ogún ò yọ ọ́ sílẹ̀.